Òótọ́ Bá Irọ́, Irọ́ Ò Dúró

Kò sí ìyá ọlọ́mọ tuntun tí nọ́ọ̀sì kì í kìlọ̀ fún nílẹ̀ wa pé kó má ṣe da káfúrà sáàárín aṣọ ìkókó. Ìyá mi sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn náà sọ ọ́ fún mi, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé ju pé ó máa ń fa ibà pọ́njú. Ìgbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ni mo tó mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan ni, G6PD ni wọ́n ń pè é, òun ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kẹ́míkà tó lè fọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ, àgàgà ọmọkùnrin, ni tiwọn kò lágbára tó. Bí káfúrà bá ti wọ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú ọmọ á sì pọ́n. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà wá dùn sí ni pé àìlágbára yìí kan náà wà lára ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn. Ní 1969, Lucio Luzzatto, ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Usanga àti Reddy, fi hàn pé kòkòrò ibà kì í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó bó ṣe ń pọ̀ nínú èyí tó tó.

Mo tún bá ẹ́ńsáìmù yìí pàdé nínú ìtàn mìíràn tí kò kan ìkókó rárá. Oṣù kẹsàn-án 1966 ni, ní ìlú Bedford ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn nínú ìgò ń ṣe àpérò níbẹ̀. Stanley Gartler, onímọ̀ àjogúnbá láti Yunifásítì Washington ní Seattle, dìde láti sọ̀rọ̀. Àlejò ni láàárín wọn. Kò ní ìran sẹ́ẹ̀lì kankan tó so orúkọ rẹ̀ mọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi gbà á.

G6PD ní oríṣi. Oríṣi B wà káàkiri ayé. Oríṣi A, tó bá èyí tó ń fa wàhálà káfúrà tan àmọ́ tí kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà ló sábà máa ń ní in. Gartler yẹ ìran sẹ́ẹ̀lì 18 wò, tí ìwé sọ pé ara ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá: ti ẹ̀dọ̀ wà níbẹ̀, ti ìfun wà níbẹ̀, ti awọ inú oyún náà wà níbẹ̀. Oríṣi A ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan wà lára wọn tí wọ́n mú lára aláwọ̀ funfun. Ìran sẹ́ẹ̀lì kan wà tí gbogbo láàbù mọ̀ pé ara obìnrin adúláwọ̀ ló ti wá, tó sì ní oríṣi A yìí. HeLa ni. Ohun tí Gartler ń sọ fún àwọn èèyàn náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ni pé HeLa ni wọ́n ti ń tọ́ láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ń pè é ní ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń pè é ní ìfun.

Òwe wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Mo ti gbọ́ òwe náà débi pé mi ò bi ara mi rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní Bedford, òótọ́ bá irọ́ lójú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ìwé ìròyìn ìmọ̀ Nature sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968 kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á. Irọ́ ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ di òní.

Ìtàn HeLa ti di mímọ̀ láti ìgbà tí Rebecca Skloot ti kọ ìwé lé e lórí ní 2010, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Henrietta Lacks, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore ní 1951, ó sì kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún náà, ní ọmọ ọdún 31. Wọ́n ti gé díẹ̀ lára kókó náà láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún George Gey, ẹni tó ti ń wá sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí kò ní kú nínú ìgò láti ọjọ́ pípẹ́. Ti Henrietta kò kú. Láàárín nǹkan bí wákàtí 24, á ti di méjì. Gey ń fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, láìgba kọ́bọ̀. Ní Tuskegee, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adúláwọ̀ ní Alabama, wọ́n ń pèsè rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Helen Lane ni orúkọ tí àwọn ìwé ń pe obìnrin náà. Kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn kiri ayé, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa lórúkọ dà.

Mo tọ́ sẹ́ẹ̀lì fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí mo ń kàwé sí i lókè òkun, kí n tó padà sídìí iṣẹ́ àyẹ̀wò ní Èkó. Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé aláìmọṣẹ́ tàbí ọ̀lẹ nìkan ni ìran sẹ́ẹ̀lì kan lè dà pọ̀ mọ́ òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú omi aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni sẹ́ẹ̀lì ń gbé, ṣúgà àti iyọ̀ wà níbẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù náà wà níbẹ̀. Bí mo bá ti pípẹ́ẹ̀tì bọ ìgò HeLa, tí mo tún fi òun kan náà fa omi nínú ìgò ńlá tí gbogbo wa jọ ń lò, mo ti gbin HeLa sínú oúnjẹ tí àwọn yòókù yóò fi bọ́ sẹ́ẹ̀lì tiwọn. Omi tó kéré débi tí ojú kò lè rí i lè fò láti ẹnu ìgò kan bọ́ sínú èkejì. Nígbà mìíràn, ọwọ́ ló ṣi orúkọ kọ, tàbí kí yìnyín fíríìsà ti pa yíǹkì rẹ́ kí ẹnìkan sì méfò. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó di méjì kò lè bá èyí tó ń di méjì lójoojúmọ́ jẹun nínú àwo kan. Àlejò tó wọlé lálẹ́ ló ń lé onílé síta: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan onílé ti tán, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ìgò síbẹ̀, ketekete.  

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lójú wọn rí àmì rẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó dùn mọ́ wọn nínú. Ní àwọn ọdún 1950, láàbù kan á mú sẹ́ẹ̀lì lára ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ, á máa tọ́ ọ, sẹ́ẹ̀lì náà á máa rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, á ṣàdédé tají, á máa dàgbà wìtìwìtì, ìrísí rẹ̀ á di ti jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ó yí padà fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n kọ ìwé lé e lórí, wọ́n rò pé ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ jẹjẹrẹ ni ojú àwọn ń rí yẹn. Gartler wá sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kó má sí ohun tó yí padà, ẹlòmíràn ló wọlé. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, àánú wọn ṣe mí. Wọ́n kúkú wò ó. Ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí.

Leonard Hayflick wà nínú gbọ̀ngàn àpérò náà ní Bedford. Òun ni ọkùnrin tó ti fi hàn pé iye ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ara wa lè pín ní òpin. Ìran sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ́ WISH, tí òun fúnra rẹ̀ mú láti ara awọ tó yí ọmọbìnrin rẹ̀ ká nínú oyún. Oríṣi A wà nínú WISH. Bàbá funfun, ìyá funfun, sẹ́ẹ̀lì ọmọ ní ohun tó yẹ kó wá láti ọ̀dọ̀ adúláwọ̀. Hayflick dìde, ó fi ṣàwàdà pé òun ti sáré pe ìyàwó òun lórí fóònù, ó sì ti fi òun lọ́kàn balẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà fún àwàdà yẹn. Ó fi gbà pé ohun tí Gartler sọ, ó kan òun. Ọ̀pọ̀ lára àwọn yòókù padà sí láàbù wọn, wọ́n ṣí fíríìsà, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹni tí kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ ni Walter Nelson-Rees, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan ti àwọn ológun ojú omi ní Oakland, California. Kírómósóòmù ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá pa á láró, ìlà á hàn lára rẹ̀, HeLa sì ní àwọn kírómósóòmù kan tó ti já, tó tún lẹ̀ pọ̀, lọ́nà tí kò sí lára ẹlòmíràn. Òun ni wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì àwọn ará Soviet fún. Lásìkò tí Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Moscow ń gbìyànjú láti rẹ́ pọ̀, wọ́n ṣe àdéhùn lórí ìwádìí jẹjẹrẹ, àwọn ará Soviet sì fi oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà láti láàbù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, pẹ̀lú ìrètí pé fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ wà nínú wọn. Àyẹ̀wò fi hàn pé HeLa ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Sẹ́ẹ̀lì obìnrin tí kò fìgbà kan kúrò ní Amẹ́ríkà ti dé ẹ̀yìn odi Soviet, ó ti yí orúkọ padà níbẹ̀, ó sì ti padà wálé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìjọba.

Ní 1974, Nelson-Rees tẹ àkọ́jọ kan jáde nínú Science, ó tún tẹ òmíràn ní 1976, ó tún tẹ òmíràn ní 1981. Kì í ṣe orúkọ sẹ́ẹ̀lì nìkan ló ń kọ, ó ń kọ ibi tó ti rí wọn gbà. Èyí ni wọn kò forí jì í. Wọ́n ní ó fi ara rẹ̀ jẹ ọlọ́pàá, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 láìtíì dàgbà tó ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Mo mọ ohun tí wọn ì bá sọ fún un nílé wa: pé òótọ́ ni, àmọ́ kò yẹ kó sọ ọ́ báyẹn. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún, mi ò sì tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún mi bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì aṣíorúkọ ṣe ló bà jẹ́. Oúnjẹ òòjọ́ mi wà nídìí ọ̀kan nínú wọn. Bí dókítà bá fura pé ara aláìsàn ń bá ara rẹ̀ jà, bíi ti àwọn tó ní lupus, ó máa ń ní ká wò ó bóyá nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ọkàn sẹ́ẹ̀lì. A ó kán omi ẹ̀jẹ̀ náà sórí síláìdì tí sẹ́ẹ̀lì HEp-2 wà lórí rẹ̀, a ó fi àwọ̀ tó ń tàn kún un. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn sẹ́ẹ̀lì á tàn bí mo bá wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù nínú òkùnkùn. Káàkiri ayé, HEp-2 ni wọ́n ń lò fún un. Ìwé tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní àwọn ọdún 1950 sọ pé láti ara jẹjẹrẹ gògóńgò ọkùnrin kan ni. HeLa ni. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì Henrietta Lacks ni HEp-2 tí à ń lò yìí?"

"Mo mọ̀. Ṣé àyẹ̀wò náà wá ń ṣìnà ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Máa ka síláìdì ẹ lọ."

Ọ̀gá jàre mi. Ohun tí àyẹ̀wò yẹn ń fẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí ọkàn rẹ̀ tóbi, tó sì hàn kedere, HeLa sì ní irú ẹ̀. Bó jẹ́ ti gògóńgò, bó jẹ́ ti ilé ọmọ, kò yí èsì aláìsàn padà. Ẹni tó ń fi HEp-2 tọ́ fáírọ́ọ̀sì náà kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Àmọ́ Christopher Korch, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Colorado, ka àwọn ìwé ìwádìí tó lo HEp-2, wọ́n ju 5,700 lọ. Nínú wọn ni àwọn tó ń wá oògùn fún jẹjẹrẹ gògóńgò wà, tí wọ́n rò pé gògóńgò ni àwọn ń dá lóró nínú ìgò. Àwọn yẹn ni ọ̀gá mi kò ní síláìdì tó lè fi dá wọn lóhùn.

Ti ọ̀nà ọ̀fun tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi jẹjẹrẹ kan tó ń mú ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, tó sún mọ́ ikùn, ti ń pọ̀ sí i ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìran sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sì lè fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ kò tó ogún. Ní 2010, Boonstra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ wọ́n wò. Sẹ́ẹ̀lì SEG-1 wá di ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ti ìfun ńlá ni BIC-1. Ti ikùn ni SK-GT-5. Ìwé tó lé ní 100 ti lo mẹ́ta yìí, àwọn kan ti fi wọ́n gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀, èsì wọn sì wà lára ohun tí wọ́n gbé àyẹ̀wò oògùn kà lára àwọn aláìsàn gidi. Mo máa ń ro ti ẹni tó jókòó síwájú dókítà, tó fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà kí wọ́n dán oògùn wò lára òun. Wọ́n ṣàlàyé ewu inú rẹ̀ fún un dáadáa. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣèwádìí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, torí àwọn náà kò mọ̀.

MDA-MB-435 ni tèmi tó ń bí mi nínú jù. Láti àwọn ọdún 1970, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó máa ń ràn káàkiri ara eku bí jẹjẹrẹ ṣe ń ràn lára obìnrin tí àìsàn náà ti wọ̀ lára. Ní 2000, nígbà tí wọ́n wo àwọn jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ti melanoma ló jọ, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ ní àwọ̀. Lẹ́yìn náà, DNA rẹ̀ bá ti M14 mu, ìran sẹ́ẹ̀lì melanoma tí wọ́n mú lára ọkùnrin. Lára ọkùnrin! Àríyànjiyàn kò tán síbẹ̀. Àwọn kan ní bóyá M14 gan-an ni ayédèrú, pé ti ọmú ló wọnú rẹ̀. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀ fa á títí di 2018, nígbà tí wọ́n rí omi ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó ni M14, tó ti wà ní ìpamọ́ láti ìgbà náà, tí DNA inú rẹ̀ sì fi hàn pé òun ló ni ín. Ní gbogbo àkókò àríyànjiyàn náà, ìwé jẹjẹrẹ ọmú tó ń lo MDA-MB-435 ń jáde. Ẹni tó ń kọ ọ́ lónìí ka ìwé àná, ẹni àná ka ti ìjẹta, oníkálùkù sì rò pé ẹni tó ṣáájú òun ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Serge Horbach àti Willem Halffman, ní ilẹ̀ Netherlands, ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 2017, wọ́n sì bá 32,755 tó ti lo ìran sẹ́ẹ̀lì tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, tó ń jẹ́ ICLAC, ní àkọ́jọ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó ti lé ní 500. Ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wò ó lófẹ̀ẹ́. Àyẹ̀wò tó ń fi ìdí sẹ́ẹ̀lì múlẹ̀ náà ni èyí tó ń tú ìgbéyàwó ká l'Ékòó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí àwọn bàbá fi ń mọ ẹni tó ni ọmọ. STR ni wọ́n ń pè é. Àwọn ibì kan wà lára DNA tó ń tún ara wọn pè, iye ìgbà tó sì ń tún ara rẹ̀ pè kì í dọ́gba láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Láti 2001 ni John Masters ní London àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní kí gbogbo ènìyàn máa lò ó fún sẹ́ẹ̀lì. Iye rẹ̀ kò tó owó ìgò kan omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí sẹ́ẹ̀lì ń jẹ.

Nítorí náà, bí ọ̀pọ̀ kò bá ṣe àyẹ̀wò náà, kì í ṣe owó ló fà á, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan. Ohun tí mo rò ni pé kò sí ẹni tó ń jàǹfààní nínú bíbéèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ tó ń jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè lè pàdánù iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá tó bá béèrè lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ya. Ilé ìtẹ̀wé kò fẹ́ máa lẹ àtúnṣe mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé. Ẹni tó fún ọ ní sẹ́ẹ̀lì ṣe ọ́ lóore. Kí ló dé tí o máa wá yẹ oore wò bíi owó ayédèrú? Ní 2016, NIH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó lórí ìwádìí ìlera, bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ẹni tó ń béèrè owó sọ bí yóò ṣe fi ìdí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ múlẹ̀. Ó dára. Gartler ti sọ̀rọ̀ láti 1966.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bí a ṣe lè rò. Ní 1963, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, R. J. V. Pulvertaft, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, mú sẹ́ẹ̀lì láti ara kókó Burkitt, oríṣi jẹjẹrẹ kan, tó wà ní àgbọ̀n òkè ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 kan, ọmọ Nàìjíríà. Raji ni sẹ́ẹ̀lì náà ń jẹ́. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó wá láti inú ìdílé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí kò kú nínú ìgò, ó sì wà nínú fíríìsà káàkiri ayé lónìí. Sẹ́ẹ̀lì Jijoye náà wà, ibì kan náà, ọdún kan náà. Àwọn ará Ìbàdàn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí lórí bí DNA ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, náà wà, tí sẹ́ẹ̀lì wọn ń dàgbà l'Amẹ́ríkà lábẹ́ àmì YRI. Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ara Yorùbá ní Boston tàbí Tokyo, ó lè jẹ́ pé òun àti Ìbàdàn kò pàdé ju inú ìgò yẹn lọ. Bí àmì bá ṣìnà níbẹ̀, a kò ní sí nítòsí láti sọ pé kì í ṣe àwa.

Ti E006AA-hT ló jẹ́ kí n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ prostate máa ń pa ọkùnrin adúláwọ̀ l'Amẹ́ríkà ju funfun lọ, àmọ́ ìran sẹ́ẹ̀lì tó wá láti ara adúláwọ̀ tí wọ́n lè fi wá ìdí rẹ̀ kò pọ̀ rárá. E006AA-hT wà lára ìwọ̀nba tó wà. Ní 2019, àwọn olùwádìí kan yẹ ìran àtilẹ̀wá sẹ́ẹ̀lì 15 wò. Gbogbo èyí tí wọ́n kọ "funfun" sí lára, funfun ni lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwọn tí wọ́n kọ "dúdú" sí lára ló rí bẹ́ẹ̀. Ti E006AA-hT, ìpín 92 nínú 100 ló jẹ́ ti Yúróòpù. Ìyẹn ni pé nígbà tí àwọn kan ń fi dúdú wé funfun láti mọ ìdí tí dúdú fi ń kú, funfun ni wọ́n ń fi wé funfun.

Obìnrin kan tí mo mọ̀ láti kékeré, tó ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ní yunifásítì kan níhìn-ín, wá kí mi láìpẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun ti fún un ní sẹ́ẹ̀lì, nínú yìnyín gbígbẹ, lọ́fẹ̀ẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn. Mo bi í bóyá wọ́n ti ṣe STR rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, báwo ni mo ṣe máa bi Bàbá ní irú ìyẹn? Wọ́n á ní mo rò pé wọ́n fún mi ní ayédèrú ni."

A jókòó ti kọ̀ǹpútà, a jọ kọ lẹ́tà náà. Ìdúpẹ́ kó apá tó pọ̀ jù níbẹ̀. A wá ní àwọn tó ń fún òun lówó ìwádìí ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìdánimọ̀ sẹ́ẹ̀lì, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ní èyí tó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́, bí kò bá sí, òun á ṣe é níhìn-ín, òun á sì fi èsì ránṣẹ́ sí wọn. Èsì dé lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ní kò sí nílẹ̀, pé àwọn pàápàá gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ tó ti pẹ́, kó yáa ṣe é, kó sì jẹ́ kí àwọn mọ ohun tó bá rí.